Ẹni Tó Bèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Aṣojú Nínú Ilé Ìgbìmọ̀

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìfilọ́lẹ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù bà wá díẹ̀. Aṣọ ni a ń tà ní ọjà Ogbete. Ìwé mẹ́fà ni a kà, a kò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn lọ́yà àti tíṣà wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu wọn jù wá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí a óò sọ̀rọ̀ lé lórí ni iṣẹ́ tí àwọn aṣojú wa ń ṣe nínú Ilé Ìgbìmọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń bi ìjọba léèrè. A rò ó títí, a rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Oníṣòwò kò sì lè sọ pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ìdí nìyí tí a fi gbà.

Kí a tó lọ jìnnà, a fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan níwájú yín. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kékeré kan wà tí àwa ọlọ́jà kan dá sílẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ti tú ká. Oṣooṣù ni a ń dá owó. Akápò wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ wa ni, a sì jọ ń jẹun ni. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tó ní kí ó mú ìwé owó wá kí a wò ó. Ojú ń tì wá. A ní bí a bá bèèrè, yóò dà bí ìgbà tí a pè é ní olè. Ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wa kú lójijì. Ìyàwó rẹ̀ wá bá wa pé kí ẹgbẹ́ ran òun lọ́wọ́ kí òun lè gbé òkú ọkọ òun lọ sílé. A ní kò burú, a ní kí akápò ṣí àpótí. Àpótí ṣófo. Akápò bú sẹ́kún, ó ní òun yá owó náà ni, òun ń gbèrò àtidá a padà. Obìnrin náà jókòó, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bú wa. Ìbá sàn kí ó bú wa. Owó tuntun tí a sáré dá lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi gbé òkú dé ilé.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe akápò nìkan ló jẹ̀bi. Àwa tí a kò bèèrè jẹ nínú ẹ̀bi náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí ẹgbẹ́ wa yẹn kò ní ni ìjọba ní nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ilé náà ni ibi tí ìlú ti ń ṣí àpótí wò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa rò pé iṣẹ́ aṣojú ni kí ó pín ìrẹsì nígbà ọdún, kí ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn obìnrin, kí ó sì wá síbi òkú. A kò ní kí ó má ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni a torí rẹ̀ yàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ṣe òfin, kí ó gbé ohun tó ń dùn wá dé inú Ilé, kí ó fọwọ́ sí owó tí ìjọba fẹ́ ná, kí ó sì padà bèèrè bí wọ́n ṣe ná an. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Hansard, kí ọmọ ọmọ lè rí i kà. Aṣojú tó bá jókòó fún ọdún mẹ́rin tí kò la ẹnu, kò yàtọ̀ sí akápò tí kò mú ìwé wá.

A lè rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, tí kò bá wa tan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní Enugu yìí gan-an. Àwọn àgbà tó wà níbí mọ̀ ọ́n.

Láyé ìgbà tí Enugu jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, Dókítà Nnamdi Azikiwe ni Pírẹ́míà. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Zik, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Báǹkì kan wà tí wọ́n ń pè ní African Continental Bank. Zik ló dá a sílẹ̀. Ní 1944 ó ra ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tinubu Properties, ilé iṣẹ́ náà ni ó sì yí padà di báǹkì. Ìdí tó fi ṣe é dára. Àwọn báǹkì òyìnbó ìgbà náà kì í fẹ́ yá oníṣòwò dúdú lówó. Àwa tí a ti dúró lẹ́nu ọ̀nà máníjà báǹkì rí mọ bí èyí ṣe ń rí lára.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn gba ọwọ́ àjọ ìṣúná rẹ̀ kó owó ìlú tó lé ní £2,000,000 sínú báǹkì yìí, nígbà tí Pírẹ́míà fúnra rẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní ìpín nínú rẹ̀. Owó ìlú wọ inú báǹkì olórí ìlú. Ta ni yóò bèèrè? Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ló ni Ilé, Zik ló sì ni ẹgbẹ́.

Ẹni tó bèèrè ni Ọ̀gbẹ́ni E. O. Eyo, ọmọ agbègbè Uyo. Kì í ṣe ọ̀tá láti ìta. Òun ló ti jẹ́ Chief Whip ìjọba, èyíinì ni ẹni tó ń kó àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ìjọba jọ kí wọ́n lè fi ohùn kan dìbò. Ní 1956, ó gbé àbá kalẹ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ ní Enugu, pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ olómìnira láti wádìí ọ̀rọ̀ owó ìlú àti báǹkì náà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ìjà ara rẹ̀ ló ń jà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, a kò sí nínú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í bèèrè inú ẹni tó ní kí a ṣe é. Bí owó bá pé, yóò pé lójú ọ̀tá. Bí kò bá pé, ọ̀rẹ́ kò lè mú un pé.

Ọ̀rọ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Lennox-Boyd, tó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba òyìnbó, yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Sir Stafford Foster-Sutton, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ìgbà náà, ni alága rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní January 1957. Wọ́n ní ìwà tí Zik hù nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí àwọn olóòótọ́ ènìyàn ń retí. Wọ́n sì tún sọ pé àwọn gbà pé ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni kí àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí rí báǹkì tiwọn tí yóò máa yá wọn lówó. Ìdájọ́ olójú méjì nìyẹn, ojú méjèèjì ló sì yẹ kí a fi rí i.

Kí ni Zik wá ṣe? Ó fi ìpín rẹ̀ nínú báǹkì náà sílẹ̀ fún ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Wọ́n tú Ilé ká, ó sì padà lọ bá àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dìbò. Ní March 1957 wọ́n dìbò, NCNC rí àga 64 nínú 84, Zik sì tún di Pírẹ́míà.

Àwọn kan máa ń sọ pé, ẹ ò rí i, Eyo kàn fi ẹnu ara rẹ̀ ṣòfò ni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ìbéèrè náà kò pa Zik, kò sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ títí láé. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ṣì ga, ó sì di Ààrẹ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n báǹkì tí owó ìlú wà nínú rẹ̀ di ti ìlú. Ohun tí ìbéèrè kan ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá mọ́ kò ní kú nítorí pé wọ́n bèèrè, ẹni tó bá sì ṣìṣe yóò rí àyè tún un ṣe. Bí akápò wa ọjọ́sí bá ti rí ẹni tó bi í ní oṣù kẹta, bóyá ìbá ti dá owó padà, ìbá sì ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ wa.

Kí àwọn onílé wa má baà rò pé ti ilé wọn nìkan ni a ń tú síta, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ilé tiwa náà. Ní 25 May 1962, Ilé Ìgbìmọ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn pé jọ ní Ìbàdàn láti jíròrò lórí ìjọba tuntun tí Alhaji Dauda Adégbénró fẹ́ ṣe olórí rẹ̀. Ìjíròrò kò ṣeé ṣe. Àwọn aṣojú wa, àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé, ń ju àga lu ara wọn. Ọlọ́pàá da tajútajú sínú Ilé. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n ran Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá láti máa ṣàkóso fún oṣù mẹ́fà. Lọ́dún kan náà ni ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker wádìí bí owó àjọ tó ń ta kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ṣàn lọ sínú ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣèlú dá sílẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìta ló ti wá, láàárín ìjà òṣèlú. Ìdajì ìlú kò gbà á gbọ́ títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé inú Ilé ni àwọn aṣojú wa ti bèèrè ọ̀rọ̀ owó kòkó yìí tọwọ́tọwọ́, nígbà tí kò tí ì di ìjà, bóyá ọ̀nà ibòmíràn ni ìtàn wa ìbá gbà.

Ìtàn kẹta sún mọ́ wa, àwọn ọ̀dọ́ wa pàápàá rántí rẹ̀. Ní 2006, àbá kan wá sí Ilé Aṣòfin Àgbà ní Abuja láti tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe. Nínú rẹ̀ ni ohun tí yóò jẹ́ kí Ààrẹ lè ṣe sáà kẹta wà. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni Ààrẹ, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ wa. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò bèèrè fún sáà kẹta. Ẹni tó jẹ́ Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ni Sẹ́nétọ̀ Ken Nnamani, tó ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Enugu, agbègbè tí Trans-Ekulu wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú PDP kan náà ni òun àti Ààrẹ wà. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí tẹlifíṣàn gbé ìjíròrò náà jáde bí ó ti ń lọ. Ní Ogbete, a fi ọjà sílẹ̀, a rọ̀ mọ́ tẹlifíṣàn ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa. Sẹ́nétọ̀ kan á dìde, á sọ èrò rẹ̀, gbogbo ìlú ń gbọ́. Kò sí ẹni tó lè padà sílé wá sọ pé ohun tí òun sọ kọ́ nìyẹn. Ní 16 May, wọ́n da àbá náà nù.

Ẹ̀yin ará, a ó sọ òtítọ́. Lọ́jọ́ náà, ọkàn àwa ọmọ Yorùbá kan ní ọjà pín sí méjì. Àwọn kan nínú wa ní, ọmọ wa ni wọ́n ń bá jà. Àgbàlagbà kan láti Òṣogbo tó ń ta àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dá wa lóhùn. Ó ní, "Òfin tó dá ọmọ tiwa dúró lónìí, òun náà ni yóò dá ọmọ ẹlòmíràn dúró lọ́la nígbà tí ó bá fẹ́ gun orí wa." A kò rí èsì fún un. Bàbá náà ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò létí wa.

Nínú ìtàn mẹ́ta yìí, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni a mú. Aṣojú tó níye lórí ni ẹni tó lè bi àwọn ẹni tirẹ̀ léèrè, ní gbangba, pẹ̀lú iye owó lẹ́nu rẹ̀, láìju àga. Bíbi ọ̀tá léèrè kò ṣòro.

Òfin ti fún wọn lágbára láti ṣe é. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ẹsẹ̀ 128, fún Ilé Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ láyè láti wádìí bí ìjọba ṣe ń ná owó, kí wọ́n lè tú ìwà ìbàjẹ́ àti ìfiṣòfò síta. Ẹsẹ̀ 125 ní kí aṣàyẹ̀wò owó ìjọba yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ wò, kí ó sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé. Ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé ni yóò jókòó lé e lórí. Ní Ìlú Ọba, irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1861, ẹni tó sì máa ń ṣe alága rẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, kí ẹni tó ná owó má baà jẹ́ ẹni tí yóò yẹ ara rẹ̀ wò.

Àwa náà ní agbára. Ẹsẹ̀ 110 sọ pé bí àwọn olùdìbò tó lé ní ìdajì ní agbègbè kan bá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò gba aṣojú àwọn gbọ́ mọ́, àjọ elétò ìdìbò yóò bi ìlú léèrè bóyá kí ó padà wálé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún wa láyè láti kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fi ìwé owó hàn wá. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Kì í ṣe lọ́yà nìkan ló lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ka ìwé mẹ́fà lè kọ ọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé, àlejò ni wá níbí, kí ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Enugu? Ìbéèrè gidi ni. A mọ ìwọ̀n ara wa, a kò sì fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a ń san owó orí níbí. A ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà tó bàjẹ́ ń ba ọkọ̀ wa jẹ́ bí ó ti ń ba ti onílé jẹ́. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ń sọ Ígbò ju Yorùbá lọ. Bí a bá ti forúkọ sílẹ̀ níbí, ìbò wa níbí ni. Ìlú Enugu kò sì kọ àlejò rí: láàárín 1950 sí 1960, Màlámù Umaru Altine, ọmọ Fúlàní láti apá Ṣókótó, ni wọ́n dìbò yàn ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú yìí. Bí àlejò bá lè ṣe olórí ìlú nígbà náà, àlejò lè bèèrè ọ̀rọ̀ lónìí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ń wá ìbò bá tún dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n kí wa ní "Ẹ kú iṣẹ́ o" tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nínú ọkọ̀, kí a gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, kí a fún wọn ní omi. Lẹ́yìn náà kí a bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Ìkíní: ọ̀rọ̀ wo ni ẹ sọ nínú Ilé lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ wo? Ìkejì: owó wo ni ẹ bèèrè ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kí ni wọ́n sì fi dá yín lóhùn? Ìkẹta: ìgbà wo ni ẹ sọ pé ẹ kò gbà nígbà tí ẹgbẹ́ yín gbà? Bí wọn kò bá rí èsì kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti mọ ohun tí a óò ṣe ní ọjọ́ ìdìbò.

Ìparí ọ̀rọ̀ wa wá kan àwa tí a wà lábẹ́ àtíbàbà yìí. Lónìí, ẹ ó fi owó lélẹ̀ fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ wa jẹ́ ènìyàn rere, a kò fura sí ẹnikẹ́ni. Nítorí pé wọ́n jẹ́ ènìyàn rere gan-an ni a fi fẹ́ kí ẹ gba àbá kékeré kan lọ́wọ́ wa. Kí akápò máa ka ìwé owó sétí ẹgbẹ́ ní ìpàdé àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí a yan ẹni méjì tí kò sí nínú ìjòyè, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí wọ́n máa yẹ ìwé náà wò. Kí akọ̀wé sì kọ orúkọ ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀tá. Bí a kò bá lè ṣe èyí láàárín ara wa, a kò ní ẹnu tí a óò fi bi aṣojú léèrè.

A tún rí obìnrin yẹn lójú ọkàn wa bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí irú ọjọ́ yẹn má tún dé bá ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Ọjọ́ tí opó kan bá tún wá bá ẹgbẹ́ yìí, kí a ṣí àpótí, kí a bá owó níbẹ̀.

 Ọlọ́run Olódùmarè yóò jẹ́ kí gbọ̀ngàn yìí di ilé, yóò bùkún òwò wa, yóò sì jẹ́ kí àwa àti àwọn onílé wa máa gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Àṣẹ.